Ẹ̀fọ́ Inú Ìlú, Òjé àti Cadmium: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ilé

Ẹ̀fọ́ tó bá hù lórí ilẹ̀ ààtàn sábà máa ń rẹwà lójú. Tẹ̀tẹ̀ ibẹ̀ a gbòòrò, ewé rẹ̀ a tutù yọ̀yọ̀, àwọn oníbàárà a sì máa dù ú lọ́jà. Ohun tó mú wa kọ ìwé yìí gan-an nìyẹn, nítorí ojú kò lè rí òjé (lead) lára ewé, ahọ́n kò sì lè tọ́ cadmium, irin olóró mìíràn tó máa ń wà nínú àwọn bátìrì kan, wò. Ilẹ̀ kan náà tó fún ẹ̀fọ́ ní ọ̀rá lè fún un ní oró, torí pé bátìrì, ọ̀dà àti ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ ni aráàlú ń dà pọ̀ mọ́ èèpo iṣu àti ewé mọ́ínmọ́ín.

Ní Èkó, àwọn tó ń dá oko ẹ̀fọ́ sí akùrọ̀ àti ẹ̀bá títì pọ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀ àti ní Ọ̀jọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì ń bọ́ ìlú. A kò ní kí wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí àgbẹ̀ wádìí ìtàn ilẹ̀ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀dì: ṣé wọ́n ti tú bátìrì ọkọ̀ níbẹ̀ rí, tàbí wọ́n ti sun wáyà níbẹ̀ láti yọ bàbà? Òjé kì í jẹrà. Nígbà tí ọdún 2006 fi wọlé, àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ti pa epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń pò mọ́ òjé tì, ṣùgbọ́n èyí tí èéfín ọkọ̀ ti dà sẹ́bàá títì ṣáájú ìgbà náà ṣì wà nínú erùpẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi léwu jù, nígbà tí odò bá fà, tí àgbẹ̀ sì ń ti kẹ́ẹ̀nì bọ gọ́tà. Omi tó ń dán bí òṣùmàrè lójú, tó ń rùn bí epo ẹ́ńjìnnì, tàbí tó ń ti ilé iṣẹ́ ṣàn jáde kò yẹ fún ẹ̀fọ́. Ẹ wá kànga tó jìnnà sí ààtàn.

Ewé ló ń kó oró jọ ju èso lọ. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti gbúre a máa fa cadmium sínú ewé wọn, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń dé inú ilá, tòmátò àti ata. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ń kọ yín lóminú, tí ẹ kò sì ní òmíràn, ẹ gbin eléso síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ewé lẹ fẹ́ dandan, ẹ fi pákó ṣe bẹ́ẹ̀dì gíga, kí ẹ sì kó erùpẹ̀ mímọ́ tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan sínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣe kan tó, ìyẹn bí ásíìdì inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó, ni cadmium ṣe ń tètè wọ gbòǹgbò tó. Láìmù àgbẹ̀ (ìyẹ̀fun òkúta tí wọ́n ń dà sílẹ̀ láti dín kíkan rẹ̀ kù) àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa máa ń dín èyí kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná, ẹ mú ewé ṣọkọ kan tí wọ́n já lẹ́bàá títì, kí ẹ fi aṣọ funfun tútù nù ún. Ẹ ó rí i tí aṣọ náà yóò dúdú. Inú eruku yẹn ni púpọ̀ nínú òjé ara ewé máa ń wà, nítorí náà ẹ fọ ẹ̀fọ́ lómi mẹ́ta kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Àmọ́ omi kò lè fọ èyí tí gbòǹgbò ti fà, iná kò sì lè sè é kúrò. Ìgbìmọ̀ Codex tó ń ṣe ìlànà oúnjẹ lágbàáyé kò fẹ́ kí òjé ju mílígíráàmù 0.3 lọ, tàbí kí cadmium ju 0.2 lọ, nínú kílò kan ẹ̀fọ́ eléwé. Cadmium lè gbé inú kíndìnrín fún ọdún 10 sí 30. Ọmọdé ló ń dùn wá jù, nítorí ara wọn ń gba òjé tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà, ọpọlọ ló sì ń bà jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ebi máa pa wọ́n, kí ẹ sì máa fún wọn ní ẹja, ẹ̀wà àti wàrà, nítorí ikùn òfìfo máa ń tètè gba òjé.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ ilẹ̀ wò, ẹ bu erùpẹ̀ níbi márùn-ún nínú oko, kí ẹ pò ó pọ̀ nínú ike mímọ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ilẹ̀. Ẹ sọ fún wọn ní tààrà pé òjé àti cadmium lẹ fẹ́ kí wọ́n wò, torí àyẹ̀wò tí àgbẹ̀ sábà máa ń ṣe nítorí ajílẹ̀ kì í kan àwọn méjèèjì yìí.