Bí A Ṣe Lè Mọ Ìdí Tí Ara Ẹranko Fi Bá Ibùgbé Rẹ̀ Mu: Àkíyèsí Láti Agbègbè Ẹ̀pẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹranko ṣe bá ibùgbé rẹ̀ mu, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹranko náà. Ibi tí ẹranko ń gbé ni kó kọ́kọ́ wò dáadáa, kó sì béèrè ohun tó le nínú gbígbé ibẹ̀. Ṣé omi ibẹ̀ dúdú débi pé ojú kò lè ríran nínú rẹ̀ ni? Ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, àbí ọ̀tá pọ̀ níbẹ̀ tí ibi ìsápamọ́ sí kò sì tó? Bí a bá ti mọ ìṣòro ibùgbé, ohun tí a bá rí lára ẹranko yóò máa nítumọ̀; bí a kò bá mọ̀ ọ́n, a óò kàn máa ka irùngbọ̀n, ìpẹ́ àti èékánná lásán ni.

Agbègbè Ẹ̀pẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó dára gan-an fún irú ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ọ̀sà, irà, igbó àti oko kò jìnnà síra wọn níbẹ̀. Ọjà ẹja Olúwo ni màá gba òbí tàbí olùkọ́ nímọ̀ràn pé kó kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ lọ, kì í ṣe inú igbó, nítorí pé ẹranko inú igbó máa ń sá fún èèyàn, ṣùgbọ́n ẹja inú ọpọ́n kò rí ibi sá sí. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, ẹ kí ìyá ẹlẹ́ja dáadáa, kí ẹ sì ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó máa bi í ní ìbéèrè, torí pé ọjà ló wá tà.

Ẹja àrọ̀ ni kí ẹ rà. Kò ní ìpẹ́ kankan, awọ rẹ̀ ń yọ̀, ojú rẹ̀ kéré, irùngbọ̀n mẹ́jọ sì yí ẹnu rẹ̀ ká. Ìsàlẹ̀ omi tí ẹrẹ̀ ti dàrú ni àrọ̀ ti ń wá oúnjẹ, níbi tí ojú kò ti fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Irùngbọ̀n wọ̀nyí ló fi ń tọ́ ilẹ̀ wò, òun náà ló sì fi ń mọ adùn ohun tó bá bá pàdé. Nígbà tí ìyá ẹlẹ́ja bá ń ṣe ẹja náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ṣí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ fún yín. Lókè ohun pupa tó tò bí eyín òòyà, èyí tí gbogbo ẹja fi ń mí nínú omi, ẹ óò rí ẹ̀yà ara mìíràn tó pupa tó sì pẹ̀ka bí igi kékeré. Èyí ni àrọ̀ fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi. Omi irà máa ń fà, ó sì máa ń gbóná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ á sì dín kù gidigidi. Ẹja tí kò bá lè mí lókè omi, àfi kó kú. Ìdí nìyí tí ẹpìyà fi máa ń tètè kú bí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò nínú omi, tí àrọ̀ sì máa ń wà láàyè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, níwọ̀n ìgbà tí ara rẹ̀ bá ṣì tutù. Ní òru tí òjò bá rọ̀, ó tilẹ̀ lè fi ẹ̀gún ìyẹ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀, kó wọ́ láti inú omi kan lọ sí òmíràn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹpìyà ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àrọ̀ yé wa. Ẹ máa fi ẹranko kan wé èkejì tí ìbátan wọn súnmọ́ra ṣùgbọ́n tí ìgbé ayé wọn yàtọ̀. Ẹ wo ìrù alángbá ara ògiri, ó rí roboto. Ti awọ́nríwọ́n etí omi tẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí pé òun ló fi ń wẹ̀. Awọ́nríwọ́n abo a tún máa gbẹ́ ara ọ̀gán tí ikán ṣì ń gbé, á yé ẹyin síbẹ̀, ikán á sì dí ihò náà padà, kí ẹyin lè wà nínú ooru àti ọ̀rinrin tí kì í yí padà púpọ̀.

Ìṣòro kan náà sì lè ní ojútùú méjì. Ẹja òjíjí náà ń gbé inú omi dúdú, ojú tirẹ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n iná mànàmáná inú ara rẹ̀ ló fi ń mú ẹran jẹ. Iná náà lè tó volt 350, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pẹ́ rárá. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án láàyè.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sórí ọ̀sà, ẹ bá apẹja tó mọ ọ̀nà lọ, kí ẹ sì wọ ẹ̀wù tí í mú èèyàn léfòó. Níbi tí òṣíbàtà bá ti bo omi, ẹ wá ẹyẹ kan tí ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí iwájú orí rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, tí ó ń rìn lórí ewé bí ẹni pé ilẹ̀ ni. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn púpọ̀, wọ́n sì pín ìwúwo rẹ̀ káàkiri ewé, kó má baà rì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà ni àlàyé. A máa ń sọ pé ọ̀gà ń pa àwọ̀ dà kó lè bá ohunkóhun tó bá dúró lé mu. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá: ìbínú, ooru, òtútù àti ìbánisọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀gà mìíràn ló sábà máa ń fà á. Ohun tó fi í pamọ́ jù ni àwọ̀ ewé tó ti ní tẹ́lẹ̀ àti ìrìn jẹ́jẹ́ rẹ̀, tó ń mì bí ewé inú afẹ́fẹ́. Bákan náà, ẹ má ṣe kọ́ ọmọ pé àrọ̀ ronú pé òun fẹ́ mí lókè omi. Láti ìran dé ìran, èyí tí ara rẹ̀ bá ibẹ̀ mu ló ń yè, tó sì ń bí ọmọ tó jọ ọ́.

Ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ nípa ẹranko kọ̀ọ̀kan: ìṣòro ibùgbé rẹ̀, ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí, àti àlàyé tí ẹ rò pé ó bá a mu. Ẹ má ṣe da méjì ìkẹyìn pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ibi kan náà nígbà ọyẹ́. Ìgbín tó ń rìn káàkiri nígbà òjò yóò ti wọ inú ìkarahun rẹ̀, yóò sì ti fi itọ́ tó ti gbẹ dí ẹnu ọ̀nà, kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ títí òjò yóò fi padà.