Ajá Nínú Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Ojú Omi: Ohun Tí Ẹ Gbọ́dọ̀ Yanjú Kí Ẹ Tó Sanwó

Bí ajá tàbí ológbò yín kò bá ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún yín ju pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ lọ, kò sí àyè fún un nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Royal Caribbean kò gbà á, Carnival kò gbà á, Norwegian náà kò gbà á. Ajá olùrànlọ́wọ́ nìkan ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún, ìyẹn ajá tí wọ́n ti kọ́ ní iṣẹ́ pàtó tó ń ṣe fún ẹni tó ní ìpèníjà ara. Queen Mary 2 ti ilé iṣẹ́ Cunard ló yàtọ̀, a ó sì dé orí rẹ̀ níwájú.

A ò rí àléébù nínú òfin yẹn. Ọkọ̀ tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kò ní koríko, kò ní erùpẹ̀, ilé ìwòsàn inú rẹ̀ sì jẹ́ ti èèyàn, kì í ṣe ti ẹran. Ajá tí kò rí ibi tọ̀ sí, tí ìró ẹ̀rọ ń já láyà, ìyà ló bá lọ. Bí ẹ bá ní ẹni tí ajá náà mọ̀, tó lè bá yín tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n afọ́jú tí ajá ń mú rìn, tàbí ẹni tí wárápá ń gbé tí ajá rẹ̀ ń ta á lólobó kó tó ṣubú, ibi tó bá ń lọ ni ajá ń bá a lọ. Irú wọn la kọ èyí tó pọ̀ jù níbí fún.

Ajá olùrànlọ́wọ́ ni àbí ajá ìtùnú?

Fún ọkọ̀ tó ń gbéra ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ń pè ní ADA, èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara, ló pààlà. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2011, ajá tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ tó bá ìpèníjà olówó rẹ̀ mu ló ń jẹ́ ajá olùrànlọ́wọ́ lábẹ́ òfin náà. Ajá tó ń ṣamọ̀nà afọ́jú wọlé. Èyí tó ń fọwọ́ kan adití nígbà tí aago ìkìlọ̀ bá dún wọlé. Èyí tó ń gbóòórùn rẹ̀ pé ṣúgà ara alátọ̀gbẹ ti wálẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń jí sójà tó ti fẹ̀yìn tì kúrò lójú àlá burúkú. Èyí tí wíwà nítòsí rẹ̀ lásán ń tu èèyàn nínú kò wọlé, kódà bí dókítà bá kọ lẹ́tà mẹ́wàá. Ológbò kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Káàdì, ìwé ẹ̀rí àti aṣọ ajá tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní agbára kankan lábẹ́ òfin yìí, ẹ má ná owó yín sí i. Ìbéèrè méjì ni òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi yín: ṣé ìpèníjà ara ló mú kí ẹ nílò ajá yìí, àti pé iṣẹ́ wo ni wọ́n kọ́ ọ? Wọn kò gbọ́dọ̀ ní kí ẹ ṣàlàyé àìsàn yín, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gbowó lórí ajá náà. Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì ló máa ń gbé èèyàn ṣubú. Bí ẹ bá ní "ó ń jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀", ajá ìtùnú lẹ ṣàpèjúwe yẹn. Ohun tí ajá ń fi ara ṣe ni kí ẹ sọ: "Ó máa ń fi imú gbún mi ní itan kí wárápá tó dé, kí n lè jókòó sílẹ̀."

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé àsíá ilẹ̀ òkèèrè ni ọkọ̀ náà ta, pé òfin Amẹ́ríkà kò mú un. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ti dá ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́jọ́ ní ọdún 2005, nínú ẹjọ́ Spector àti Norwegian Cruise Line: òfin ADA kan ọkọ̀ ìgbafẹ́ alásíá òkèèrè nígbà tó bá wà nínú omi Amẹ́ríkà. Àmọ́ ẹ̀tọ́ yẹn kò lè bá ajá yín sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ onílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìrìn àjò ti máa ń bàjẹ́.

Ẹ yan èbúté kí ẹ tó yan yàrá

Ẹ kọ orúkọ gbogbo èbúté tí ọkọ̀ máa yà sí sílẹ̀, kí ẹ sì kàn sí ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀gbìn àti ẹran ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbọ́kàn lé ohun tí agẹ́ńtì bá sọ lẹ́nu. Bahamas ń béèrè ìwé àṣẹ kí ajá tó débẹ̀. Jàmáíkà kì í jẹ́ kí ajá tó ti Amẹ́ríkà wá tẹ ilẹ̀ rẹ̀. Hawaii jẹ́ ara Amẹ́ríkà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àrùn dìgbòlugi kò sí níbẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kó débẹ̀: ajá tí ìwé rẹ̀ kò pé lè wà ní àhámọ́ fún ọjọ́ 120. Ajá olùrànlọ́wọ́ lè bọ́ nínú àhámọ́ yẹn, bí abẹ́rẹ́, microchip (ẹ̀rọ bíńtín onínọ́ńbà tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ajá) àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti wà létò ṣáájú.

Bí èbúté bá kọ̀ ọ́, inú ọkọ̀ ni ajá máa wà. Òfin ọkọ̀ kò sì gbà kí ẹ fi í sílẹ̀ ní yàrá lóun nìkan, nítorí náà ẹnì kan ní láti jókòó tì í. Bí ẹ̀yin nìkan bá lọ, tí èbúté méjì nínú mẹ́ta kò gba ajá, owó lẹ san láti máa wo etíkun láti ojú fèrèsé. Ẹ wá ọ̀nà míì tí ọkọ̀ ń gbà.

Ìpadàbọ̀ sí Amẹ́ríkà náà ní tirẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, àjọ CDC, tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ní kí gbogbo ajá tó ń wọlé ti pé oṣù 6 ó kéré tán, kó ní microchip, kí olówó rẹ̀ sì ti kún fọ́ọ̀mù CDC Dog Import Form lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ajá Amẹ́ríkà tó kàn lọ gbafẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kò yọ sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn orílẹ̀-èdè tí CDC kà sí ibi tí dìgbòlugi ti le. Dominican Republic, Haiti àti Cuba wà lára wọn. Bí ajá bá sọ̀ kalẹ̀ ní Puerto Plata tàbí La Romana ní Dominican Republic, wọn óò béèrè ẹ̀rí pé Amẹ́ríkà ló ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, lórí ìwé tí dókítà ẹran tó níwèé àṣẹ kọ, tí USDA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀gbìn, sì fọwọ́ sí. Kí ajá tó kúrò nílé ni wọ́n ń ṣe ìwé yẹn. Ẹni tó bá rántí rẹ̀ lójú agbami ti pẹ́ jù.

Ìwé àti abẹ́rẹ́

Ọjọ́ tí ẹ bá gba yàrá ni kí ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó ní ìpèníjà ara ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Wọ́n sábà máa ń fẹ́ gbọ́ ní ọjọ́ 30 ṣáájú ó kéré tán, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti pèsè ibi ìgbọ̀nsẹ̀ ajá, ẹ má dúró di ìgbà yẹn.

Microchip ló ń ṣáájú abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló ń ṣáájú. Ẹyọ nọ́ńbà 15 ló yẹ kó wà lórí rẹ̀, èyí tó bá ìlànà àgbáyé ISO 11784 àti 11785 mu, kí ẹ̀rọ òkèèrè lè kà á. Bí dókítà bá gún abẹ́rẹ́ lónìí, tó fi microchip sí i lọ́la, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù kò ní ka abẹ́rẹ́ náà sí. Ẹ óò tún un gún, ẹ óò sì dúró fún ọjọ́ 21. Ẹ ní kí dókítà fi ẹ̀rọ ka nọ́ńbà náà lójú yín, kí ẹ sì fi wé èyí tó wà lórí gbogbo ìwé. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ ti tó láti dá yín dúró.

Ẹ mú ìwé náà lọ́wọ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ má kó o sínú àpótí tí ẹ máa fún àwọn agbẹ́rù ní èbúté, nítorí ó lè tó wákàtí mélòó kan kí àpótí tó dé yàrá yín, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sì ti máa béèrè ìwé.

Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀

Bí a bá ní kí a mú ohun kan tó ń fìyà jẹ ajá jù nínú ọkọ̀, èyí ni. Royal Caribbean máa ń pèsè àpótí tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4, tí wọ́n da èèpo igi gígé sínú rẹ̀, gbogbo ajá olùrànlọ́wọ́ inú ọkọ̀ ló sì jọ ń lò ó. Ní ọkọ̀ míì, ẹ lè bá koríko oníke. Ajá tó ti ń tọ̀ sórí koríko gidi láti kékeré kò ní mọ̀ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìyẹn. Á máa wò yín, ẹ̀yin náà á máa wò ó.

Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ṣáájú ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ẹ kan pákó pọ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4, ẹ tẹ́ ọ̀rá sí ìsàlẹ̀, ẹ da èèpo igi sí i kó nípọn tó ínǹṣì 3. Àpò 2 nínú irú èyí tí wọ́n kọ "2 cubic feet" sí lára ló máa kún un. Ẹ gé koríko díẹ̀ níbi tó ti máa ń tọ̀, ẹ fi sí àárín kí òórùn rẹ̀ lè fà á. Òwúrọ̀ kùtùkùtù tí àpòòtọ̀ rẹ̀ kún ni kí ẹ kọ́kọ́ mú un débẹ̀, pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí ẹ máa sọ nígbà gbogbo. Bó bá ti tọ̀, ẹ fún un ní ohun tó fẹ́ràn lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lára, ẹ máa gbé àpótí náà káàkiri: gáréèjì, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń ké, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Apá yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun náà ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí nínú ọkọ̀, àpótí lè wà ní kọ̀rọ̀ tí okùn ńlá àti ìró ẹ̀rọ wà. Ẹ di ìwọ̀n ìkúnwọ́ díẹ̀ nínú èèpo igi tó ti tọ̀ sí nílé sínú ọ̀rá, kí ẹ dà á sí àpótí ọkọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ má bá a wí. Ẹ mú un padà lọ lálẹ́ tí ẹsẹ̀ bá ti dá. Ajá tó bá di wákàtí 24 láìtọ̀ nílò dókítà ẹran, ẹ ní nọ́ńbà dókítà kan lọ́wọ́ ní èbúté tó kàn. Ẹ̀yin lẹ máa kó ìgbẹ́, ẹ mú ọ̀rá 4 lọ́wọ́ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Oúnjẹ, ooru àti ìwà

Ọkọ̀ kì í pèsè oúnjẹ ajá. Ẹ wọn tirẹ̀ sínú ọ̀rá lọ́jọ́ọjọ́, kí ẹ fi ti ọjọ́ 3 lé e, nítorí ìjì lè dá ọkọ̀ dúró. Oúnjẹ gbígbẹ ló dára jù. Ẹran tútù lè di ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín ní èbúté. Lọ́jọ́ tí ẹ ń wọkọ̀, ìdajì oúnjẹ ti tó. Bí ìrìn àjò bá máa ń ru ajá náà nínú, ẹ béèrè maropitant, oògùn èébì ti ajá, lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Wákàtí 2 ṣáájú ni wọ́n ń lò ó, pẹ̀lú oúnjẹ díẹ̀. Ẹ má fún un ní oògùn èébì ti èèyàn.

Dẹ́ẹ̀kì onírin máa ń gbóná lọ́sàn-án. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e. Bí ẹ kò bá lè fara dà á fún ìṣẹ́jú àáyá 7, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá kò lè rìn ín láìsí bàtà. Adágún ìwẹ̀ àti omi gbígbóná inú ọkọ̀ kò sí fún un. Níbi oúnjẹ, abẹ́ tábìlì ló máa dùbúlẹ̀ sí. Ẹ ra jákẹ́ẹ̀tì ààbò omi tó ní ohun ìdìmú lẹ́yìn fún un, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ fún un nílé kó tó di ọjọ́ ìdánrawò pàjáwìrì. Ajá tó bá ń gbó ṣáá, tó gé èèyàn jẹ tàbí tó ń ṣu sí yàrá lè mú kí wọ́n sọ yín kalẹ̀ ní èbúté tó kàn, ní owó ara yín.

Fún ẹni tó fẹ́ mú ajá ilé tàbí ológbò lọ

Queen Mary 2 ti ń ná Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti New York láti ọdún 2004, òru 7 ló sì sábà máa ń gbà. Ilé ajá rẹ̀ wà ní dẹ́ẹ̀kì 12. Nígbà tí wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe ní ọdún 2016, wọ́n sọ ọ́ di àyè 24. Òṣìṣẹ́ ló ń bọ́ wọn tó sì ń mú wọn rìn. Ẹ̀yin lè lọ kí wọn ní wákàtí tí wọ́n bá dá, ṣùgbọ́n wọn kì í wọ yàrá yín. Ológbò gba àyè 2, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ibi ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀, ẹ óò sì san owó méjèèjì. Àyè ilé ajá máa ń tán kí yàrá èèyàn tó tán, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà.

Ẹ ka wákàtí dáadáa bí ẹ bá ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ajá gbọ́dọ̀ lo oògùn aràn tó ní praziquantel láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó gúnlẹ̀. Òru 7 tó wákàtí 168, èyí túmọ̀ sí pé oògùn tó lò ní New York lọ́jọ́ tó wọkọ̀ ti jáde kúrò nínú àkókò yẹn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba ìdáhùn ní kíkọ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ nípa ẹni tó máa fún un lójú omi àti ẹni tó máa buwọ́ lu ìwé.

Ẹni tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì fẹ́ sùn pẹ̀lú ajá rẹ̀ ní yàrá kan náà yóò rí ìtura lọ́dọ̀ Brittany Ferries, láti Portsmouth tàbí Plymouth lọ sí Santander ní Sípéènì, tàbí DFDS láti Newcastle lọ sí itòsí Amsterdam. Wọ́n ní yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, ó sì máa ń tètè tán. Ẹ mú ohun ìdìnu ajá dání. Láti oṣù Kìíní ọdún 2021, páṣípọ́ọ̀tì ajá tí wọ́n ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì kò ṣiṣẹ́ ní Yúróòpù mọ́. Ìwé ìlera tuntun lẹ máa gbà fún ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan, láàárín ọjọ́ 10 kí ẹ tó wọ Yúróòpù.

Ajá tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ kò lè gba ọ̀nà kúkúrú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn pé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ọjọ́ 30 tó ti gba abẹ́rẹ́ náà, èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 0.5 IU/ml, oṣù 3 ni ẹ óò sì dúró láti ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ fi oṣù 4 sí 5 sílẹ̀ fún ìyẹn nìkan, kí ẹ tó dá ọjọ́ ìrìn àjò.