Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Mekelle Ṣe Ibùdó Láti Wo Àwọn Ṣọ́ọ̀ṣì Inú Àpáta Tigray

Ní Tigray, lápá àríwá Ẹtiópíà, ṣọ́ọ̀ṣì tó lé ní 100 ni wọ́n gbẹ́ sínú àpáta, bí agbẹ́gi ṣe ń gbẹ́ odó. Òpó, àjà, fèrèsé, ara òkúta kan náà ni gbogbo rẹ̀, ìsìn sì ń lọ nínú wọn títí dòní. Mekelle, olú ìlú ẹkùn náà, ni kí ẹ fi ṣe ibùdó: ibẹ̀ ni pápákọ̀ òfuurufú, ilé ìwòsàn, báńkì àti ọkọ̀ tí ẹ ó háyà wà.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wádìí bí ìlú ṣe rí. Ogun jà níbẹ̀ láti oṣù kọkànlá 2020 títí wọ́n fi fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Pretoria lóṣù kọkànlá 2022, nǹkan sì lè yí padà. Ẹ pe ilé ìtura yín ní Mekelle lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbéra. Wọ́n á mọ ọ̀nà tó ṣeé gbà. Oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta ló dára jù, torí òjò oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án máa ń mú kí àpáta yọ̀. Ẹ gba físà, ẹ má sì gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú bí ẹ bá ń ti Nàìjíríà lọ. Ethiopian Airlines ń fò tààrà láti Èkó sí Addis Ababa. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan láti ibẹ̀ dé Mekelle.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má gun òkè kankan. Mekelle ga ju ìpele òkun lọ ní ohun tó lé ní 2,200 mítà, èémí á máa já, orí sì lè fọ́. Ẹ mu omi dáadáa, ẹ rọra lọ wo ààfin Yohannes Kẹrin, ọba Ẹtiópíà nígbà kan rí. Alẹ́ ibẹ̀ tutù, ẹ mú aṣọ òtútù.

Aago ló ń da àlejò láàmú jù. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni àwọn ará Ẹtiópíà ti ń kà á: aago méje àárọ̀ tiwa ni aago kan tiwọn. Bí dẹ́rẹ́bà bá ní "aago méjìlá", aago mẹ́fà ìdájí ló lè máa sọ. Ẹni tó bá dúró dìgbà ọ̀sán ti pàdánù ọjọ́ náà. Ẹ béèrè pé ti Ẹtiópíà ni àbí ti òyìnbó.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí Wukro, nǹkan bíi kìlómítà 45 sí àríwá. Ṣọ́ọ̀ṣì Cherkos wà létí ìlú, kò sí gígun òkè níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yà sí ìwọ̀ oòrùn, sí ṣọ́ọ̀ṣì Abreha we Atsbeha. Ọwọ́ àlùfáà ni kọ́kọ́rọ́ wà, ó sì lè wà lóko tàbí níbi ìsìnkú. Ẹ ní sùúrù, ẹ rán ọmọ abúlé sí i. Nítorí èyí, ṣọ́ọ̀ṣì méjì lójúmọ́ tó. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Kí obìnrin fi ìborùn bo orí àti èjìká. Ẹ má wọ ibi mímọ́ tó wà lẹ́yìn aṣọ títa, ẹ má sì tan iná kámẹ́rà sí àwòrán ara ògiri, torí ó ń ba ọ̀dà rẹ̀ jẹ́. Ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì wọ́n ń gbààwẹ̀: ẹ má retí ẹran, ẹ béèrè fún beyaynetu, ìyẹn injera (búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́) pẹ̀lú oríṣiríṣi ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà.

Àwọn òkè àpáta Gheralta ló kù. Ẹ lọ sùn ní Hawzen, ìlú tó wà nítòsí wọn, kí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè kí oòrùn tó mú. Ẹ kọ́kọ́ gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Maryam Korkor, bíi wákàtí kan, kí ẹ fi dán ara yín wò. Bí ẹsẹ̀ bá gbọ̀n níbẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀ṣì Abuna Yemata Guh sílẹ̀. Òkè Ìdànrè ní àtẹ̀gùn. Èyí kò ní, ihò tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri àpáta ni ẹ ó máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wá, láìwọ bàtà. Ẹ̀bá tóóró tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà kò ní ohun ìdìmú, ọ̀gbun ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jìn ju 200 mítà lọ. Ẹ gba amọ̀nà ní Megab, abúlé tó wà nítòsí, kí ẹ sì ṣàdéhùn owó tíkẹ́ẹ̀tì, ti amọ̀nà, ti àlùfáà àti ti àwọn tó ń di ènìyàn mú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nísàlẹ̀ òkè. Ẹ ṣẹ́ birr, owó Ẹtiópíà, sí wẹ́wẹ́ láti Mekelle.

Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ kọjú sí àpáta, ẹ jẹ́ kí amọ̀nà ṣáájú, kó máa fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ yín sínú ihò.