Kí Bàálù Méjì Má Baà Kọlu Ara Wọn Lókè: Fún Ẹni Tó Ń Kọ́ Wíwà Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì tí ẹ ń múra àtilọ kọ́ bàálù wíwà ní Zaria tàbí Ìlọrin, ojú wíwò ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ìyókù ò le: ẹ tan transponder, ẹ̀rọ tó ń fi bàálù yín han rédà, ẹ tan iná ìbalẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ẹ máa sọ ibi tí ẹ wà lórí rédíò.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ nu gíláàsì iwájú. Kòkòrò kan tó kú mọ́ ọn tó láti bo odidi bàálù mọ́ yín lójú. Síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí a fọ̀ mọ́ àti omi ni mò ń lò. Bébà máa ń ha á. Ẹ bọ́ fésìkáàpù sílẹ̀ pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í dé e wọlé, nítorí etí rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn rí òkè.

Lókè, ẹ má máa yíjú kiri bí ẹni tí owó rẹ̀ já bọ́. Ojú tó ń sáré kì í rí nǹkan. Ẹ gé ojú ọ̀run sí digirí 10, 10, kí ẹ dúró lórí ègé kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 1, ó kéré tán. Lásìkò ọyẹ́, tí gbogbo ibi bá funfun báláú, ojú á rọra padà sí ìtòsí láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ wá orí òkè tó jìnnà, kí ẹ wò ó ná.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í rèé. Bàálù tó ń sún kiri lójú gíláàsì kò ní kọlù yín. Èyí tó dúró sójú kan, tó kàn ń tóbi, ni kí ẹ bẹ̀rù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nàka sí ọ̀kan, ó ní, "Ọ̀gá, ìyẹn ò tiẹ̀ rìn." Kó tó pa ẹnu dé, mo ti gba bàálù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kúrò lójú kan nítorí pé ibì kan náà ni àwa àtòun jọ ń lọ! Á kéré bí eṣinṣin títí, á wá wú lẹ́ẹ̀kan náà. Bàálù méjì tó ń sá 100 knots (knots la fi ń wọn eré bàálù) kọjú síra wọn ń jẹ ju mítà 100 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn aláṣẹ òfurufú Amẹ́ríkà sì ṣírò rẹ̀ pé láti ìgbà tí ojú bá rí i títí bàálù á fi yà, ìṣẹ́jú-àáyá 12.5 ni. Ó ti ju kìlómítà kan lọ nìyẹn. Bó bá kọjú sí yín, ọ̀tún ni kí ẹ yà. Ọ̀tún tirẹ̀ lòun náà máa yà.

Orí ni apá Cessna 172, bàálù kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ni, wà. Tí ẹ bá ti tẹ bàálù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti yí, apá yẹn á bo ibi tí ẹ ń lọ gan-an. Ẹ gbé apá náà sókè díẹ̀, ẹ wo abẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó tẹ̀. Bàálù tí apá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, abẹ́ ni kì í jẹ́ kí awakọ̀ rí. Bí irú èyí bá wà lórí Cessna, tí àwọn méjèèjì ń sọ̀kalẹ̀ sórí pápá kan náà, kò sẹ́ni tó rí ẹnì kejì. Ìdí nìyí tí mo fi ń ní kí ẹ sọ ipò yín lórí rédíò níbi ìyípadà kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kí ojú ọjọ́ mọ́ tó.

Ẹ lè fi ojú ṣe ìdánrawò nílé láìná kọ́bọ̀. Ẹ jókòó sọ́ọ̀kán Olósùnta n'Ìkẹ́rẹ́ nírọ̀lẹ́, ẹ gé ojú ọ̀run bí mo ti wí, kí ẹ máa wá àwòdì. Èyí tí kò bá kúrò lójú kan, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ nàka sí.