Ẹ Rọra Fi Ìgbákọ Yín Sílẹ̀: Àṣìṣe Níbi Àjọjẹ

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró ti tábìlì níbi àjọjẹ tí kálukú ti ń gbé abọ́ tirẹ̀ wá. Gbogbo ìgbà ni àwọn tuntun ń náwó gọbọi sórí oúnjẹ tí kò ní ẹ̀pà, tí kò ní wàrà, tí wọ́n á sì bà á jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó ti sú mi. Mo gbà pé ẹ ti mọ̀ pé àléjì, ìyẹn kí ara má gba oúnjẹ kan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣejù.

1. Ìgbákọ kan fún abọ́ mẹ́ta. Inú mi kì í dùn tí mo bá ti rántí èyí. Ẹnì kan á fi ìgbákọ bu èyí tí wọ́n fi ẹ̀pà sè, á gbọ̀n ọ́n létí abọ́, á sì kì í bọ inú èyí tí kò ní ẹ̀pà. Owó ti wọlẹ̀ nìyẹn. Ohun tójú yín ò rí, ara ẹni tí kì í gba ẹ̀pà á rí i. Mo ti rí ẹni tó lá ìgbákọ lẹ́nu kó tó dá a padà, ó ní òun ti fọ̀ ọ́ mọ́! Lọ́dún kan, mo fi okùn so ìgbákọ kọ̀ọ̀kan mọ́ abọ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan lọ wá ọ̀bẹ, ó gé okùn náà, ó ní ó ń dí òun lọ́wọ́. Nísinsìnyí, tábìlì ọ̀tọ̀ ni mo ń lò, àwọn tí ara wọn kì í gba nǹkan ló sì ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ.

2. Ṣíṣa ẹ̀pà kúrò lórí kéèkì. Rárá. Iná ìdáná náà kì í sọ ọ́ di aláìléwu.

3. Kíkọ ọ̀rọ̀ sára ìdérí. Èmi ọlọ́gbọ́n lórí ni mo ṣe èyí. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, tí wọ́n ń dé abọ́ padà, "Kò sí ẹyin" lọ jókòó sórí oúnjẹ tí mo fọwọ́ ara mi po ẹyin mẹ́fà sí. Ẹni tí ẹyin ń dà láàmú ti ń na abọ́ sí i kí n tó pariwo. Ara abọ́ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ni kí ẹ kọ. Ẹ mú páálí èròjà tí ẹ rà wá pẹ̀lú. Ẹ má gbàgbé yàmọ̀tí: 2023 ni òfin Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á mọ́ èròjà àléjì mẹ́sàn-án tó gbọ́dọ̀ hàn lára páálí.

Ọwọ́ ńkọ́? Ọṣẹ àti omi ni. Oje apakòkòrò tí ẹ ń fi pa ọwọ́ yẹn, kòkòrò ló ń pa; ẹ̀pà kì í ṣe kòkòrò.

Bí ahọ́n ẹnì kan bá ń wú, tí ohùn há, tí èémí ò já gaara, ẹ má máa wá hóró oògùn ara yíyún kiri. Abẹ́rẹ́ epinephrine, oògùn pàjáwìrì fún àléjì líle, ni kí ẹ gún un níhà òde itan, àní láti orí ṣòkòtò, kí ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Tí kò bá lè mí dáadáa ló lè jókòó. Bí ìyípadà kò bá sí láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 15, ẹ lè gún ìkejì. Kó dé ilé ìwòsàn bó ti wù kí ara rẹ̀ balẹ̀ tó, torí ìṣòro náà lè tún padà dé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ara ẹni tó ni abẹ́rẹ́ náà ni kó sì máa wà, kì í ṣe inú mọ́tò tí ẹlòmíì ti gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ.