Bí ẹ ṣe lè gba lẹ́tà ẹ̀rí iṣẹ́ tí Kánádà máa gbà fún Express Entry

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí HR fún mi kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ó ní mo bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, ó ní ìwà mi dáa, ó wá fi àdúrà kádìí ẹ̀ pé kí ọ̀nà là fún mi níbi tí mò ń lọ. Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n kò síbi tí wọ́n ti sọ ohun tí mò ń ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́ lọ́fíìsì wọn, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹni tó máa yẹ ìwé mi wò ní Kánádà ń wá gan-an nìyẹn.

Bó bá jẹ́ ọ̀nà Federal Skilled Worker, tó wà lábẹ́ Express Entry (ètò tí Kánádà fi ń yan òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wá máa gbé níbẹ̀), lẹ fẹ́ gbà, ẹ má jẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí yín.

1. Ẹ wo iṣẹ́, ẹ fi oyè sílẹ̀

Kánádà ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní NOC, tí wọ́n to iṣẹ́ sí lóríṣiríṣi, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà oníka márùn-ún. Ẹ wo ìka kejì. Bó bá jẹ́ 0, 1, 2 tàbí 3, iṣẹ́ náà bọ́ sí i. Bó bá ti di 4 tàbí 5, kò bọ́ sí i nìyẹn. 11100 ni akáúńtáǹtì, 14200 ni akọ̀wé tó ń bá akáúńtáǹtì kọ ìwé owó sílẹ̀. Ní Nàìjíríà wa yìí, gbogbo èèyàn ni báńkì ń pè ní officer. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà lórí káńtà lè ní oyè ńlá lára káàdì tó so kọ́rùn, 64400 ni Kánádà máa kà á sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò àkókò: ó kéré tán, ọdún kan gbáko láìdáwọ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́ kan náà, láàárín ọdún 10 sẹ́yìn, tó jẹ́ wákàtí 1,560. Wákàtí 30 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ẹni tó ń ṣe 50 l'Ékòó, 30 náà ni tiẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kò sí níbẹ̀. Ọdún kan máa fún yín ní máàkì 9, ọdún mẹ́fà sókè á fún yín ní 15, nínú 100 tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ní 67. Ọdún tí lẹ́tà kò bá ti lẹ́yìn, kò sí máàkì fún un.

2. Ẹ fúnra yín kọ́kọ́ kọ ohun tí ẹ ń ṣe

Kí ẹ tó lọ bá HR, ẹ jókòó, kí ẹ rántí ọjọ́ Ajé kan lọ́fíìsì, láti ìgbà tí ẹ tan kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣí ojú ewé NOC iṣẹ́ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbólóhùn tó ṣíwájú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá yín mu, àti púpọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n tò sábẹ́ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má dà á kọ. Ẹni tó ń ka ìwé yín ti ka ojú ewé yẹn títí ó ti sú u, á dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá sọ níbẹ̀ pé akáúńtáǹtì a máa yẹ ìwé owó wò, ẹ lè kọ ọ́ pé lóṣooṣù, ẹ ń fi àkọsílẹ̀ báńkì mẹ́fà wé ìwé ilé iṣẹ́, ẹ ń wá ibi tí owó ti yàtọ̀, ẹ sì ń kọ àbọ̀ fún ọ̀gá kó tó wọ ìpàdé. Iṣẹ́ mẹ́fà sí mẹ́wàá báyẹn ti tó.

3. Ohun tí lẹ́tà gbọ́dọ̀ ní

Kó wà lórí bébà tó ní orúkọ ilé iṣẹ́, àdírẹ́sì, fóònù àti ímeèlì wọn. Kó dárúkọ yín bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù. Kó sọ gbogbo ipò tí ẹ wà, ọjọ́ tí ẹ bọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí ẹ kúrò níbẹ̀ (bí ẹ bá ṣì wà níbẹ̀, kó sọ ọ́), iṣẹ́ tí ẹ ṣe, iye wákàtí lọ́sẹ̀, owó ọdún àti àjẹmọ́nú. Kí ọ̀gá yín tàbí ẹni HR buwọ́ lù ú, pẹ̀lú orúkọ àti ipò tiẹ̀.

Wákàtí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Lẹ́tà mi ẹlẹ́ẹ̀kejì pé pérépéré, àfi wákàtí. Ìgbà tí mo máa fi padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ti ń pè mí ní "oníwèé". Àwọn kan á sì máa sáré kiri nítorí sítáǹpù aláwọ̀ pupa, nígbà tí lẹ́tà wọn kò sọ iṣẹ́ kankan. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa lápálàpá.

4. Bí HR bá kọ̀

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọ́n ń fún gbogbo èèyàn. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ gbà á, kí ẹ wá bẹ ọ̀gá tí ẹ ń jábọ̀ fún pé kó kọ tiẹ̀ nípa iṣẹ́ tí ẹ ṣe, kó fi káàdì iṣẹ́ ẹ̀ tì í, kó sì lo ímeèlì ilé iṣẹ́, kì í ṣe Gmail. Ẹ̀yin náà á kọ àlàyé nípa ìdí tí HR kò fi kọ ọ́, kí ẹ fi ímeèlì tí ẹ fi bẹ̀ wọ́n àti èsì tí wọ́n fún yín mọ́ ọn. Ohun kan náà lẹ máa ṣe bí ilé iṣẹ́ bá ti kógbá sílé.

Ẹ wá kó ẹ̀rí tó kù jọ: ìwé ìgbàsíṣẹ́, payslip, àkọsílẹ̀ báńkì, ìwé owó orí. Èmi fẹ́ràn àkọsílẹ̀ RSA láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì jù, torí ó ń fi oṣù tí agbanisíṣẹ́ yín san owó wọlé hàn, ẹnìkan kò sì lè sọ pé ọ̀rẹ́ yín ló kọ ọ́. Kí ọjọ́ inú wọn bára mu o. Bí lẹ́tà bá kọ owó kí wọ́n tó yọ owó orí, tí báńkì sì ń fi èyí tó kù hàn, ẹ fi ìlà kan ṣàlàyé ẹ̀.

5. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ara yín

Ìwé ìbúra kóòtù pé fọ́tò lẹ ń yà kò tó. Ìwé CAC ni, ẹ̀rí owó tó wọlé, àti lẹ́tà oníbàárà tó sọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe fún un àti bó ṣe sanwó. Ẹni tó ń gba gbogbo owó ìgbéyàwó lọ́wọ́, tí kò sí èyí tó gba báńkì kọjá, á jìyà níbí.

6. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀

Bí ìwé ìpè, èyí tí Kánádà fi ń ní kí ẹ wá fi ìwé yín sílẹ̀, bá ti dé, ọjọ́ 60 péré lẹ ní láti kó gbogbo ìwé sílẹ̀. "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" nìkan lè jẹ ogún nínú ẹ̀. Èmi ì bá ti bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí mò ń ka ìwé IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má sì ra lẹ́tà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: bí wọ́n bá mú yín pé ẹ purọ́, ọdún márùn-ún ni ilẹ̀kùn máa fi tì.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ sọ fún ọ̀gá tó buwọ́ lù lẹ́tà pé ìpè lè wọlé láti òkèèrè. Ọ̀gá tèmi kì í gbé nọ́ńbà tí kò bá mọ̀. Mo ní láti bẹ̀ ẹ́, kó jọ̀ọ́, kó máa gbé gbogbo ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, títí kan ti àwọn tó ń polówó ilẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí.