Ọsàn wẹ́wẹ́ àti àgbáyun nínú ilẹ̀ olókùúta

Ọ̀gbìn ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ pa. Mo rà wọ́n lẹ́bàá títì, mo gbẹ́ kòtò tí kò ju àwo ọbẹ̀ lọ, mo da ìgbẹ́ adìẹ tútù sí i, inú mi sì ń dùn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, etí ewé wọn ti gbẹ bí ohun tí iná jó. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ fún bí oṣù mẹ́ta, títí yóò fi dúdú tí kò ní rùn mọ́, kẹ́ ẹ tó lò ó.

Abẹ́ Òkúta là ń gbé, ẹni tó sọ ìlú lórúkọ ò parọ́. Ní Ìdí-Abà níbi tá a kọ́lé sí, dígà ni mo fi ń gbẹ́ kòtò, ẹsẹ̀ bàtà 2 ní fífẹ̀, 2 ní jíjìn. Bí mo bá kan àpáta, mo máa ń sún síwájú ni. Ọmọ mi ọkùnrin fi òòlù bá ọ̀kan jà rí. Àpáta náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kó ilẹ̀ dúdú òkè sọ́tọ̀, ẹ kó pupa ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ wá rọ omi kún kòtò náà lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi ṣì dúró, ẹ má gbin ọsàn síbẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà.

Oṣù karùn-ún ni mo máa ń gbìn, nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé. Ẹni tí òjò àkọ́kọ́ bá tàn jẹ, garawa ni yóò máa rù. Ìrọ̀lẹ́ ló dára. Ẹ fi abẹ ya ọ̀rá dúdú tí ọ̀gbìn náà wà nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹ má fa igi náà lọ́rùn yọ. Gbòǹgbò tó bá ti ká bí òṣùká nísàlẹ̀, ẹ tú u. Ẹ po ilẹ̀ dúdú mọ́ ìgbẹ́ tó ti jẹrà, kẹ́ ẹ dà á yí i ká. Ibi tí ilẹ̀ inú ọ̀rá dé lára igi ni kí ilẹ̀ tuntun náà dé, kó má gun ọrùn rẹ̀. Láàárín igi ọsàn kan sí èkejì, mo máa ń fi ẹsẹ̀ bàtà 12 sílẹ̀.

Bí ọsàn yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ọsàn mìíràn, ẹ ó rí kókó kan nítòsí ilẹ̀. Ẹ̀ka tó bá yọ lábẹ́ kókó yẹn, ẹ já a dànù nígbà tó ṣì rọ̀. Èmi fi ọ̀kan sílẹ̀ torí pé ó ń yára dàgbà. Ọdún kejì, ọsàn tí mo fowó rà ti gbẹ, ọsàn ìgbẹ́ ẹlẹ́gùn-ún ló jogún ibẹ̀.

Láàárọ̀, ẹ máa yí ewé wò. Kòkòrò kan wà tó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ, dúdú pẹ̀lú funfun, ó máa lẹ̀ mọ́ ojú ewé pẹ́tẹ́. Bó bá dàgbà, á di àwọ̀ ewé. Ẹ fi igi tọ́ ọ, á yọ ìwo rírọ̀ méjì síta, á sì rùn. Labalábá ló ń bọ̀ wá dà, àmọ́ kó tó dà á, á ti jẹ ọ̀gbìn kékeré kan kù ọ̀pá. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣà wọ́n. Igi mẹ́ta ò tó ohun tí à ń ra oògùn fún.

Ìwà ti àgbáyun, èso pupa kékeré tó ń mú kí ohun kíkan dùn lẹ́nu, yàtọ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ ni kẹ́ ẹ gbin kóró rẹ̀, torí bó bá gbẹ, ó kú nìyẹn. Oòrùn ọ̀sán ò tíì yẹ ẹ́ ní kékeré, imọ̀ ọ̀pẹ ni mo fi ń ṣíji bò ó. Ilẹ̀ tó ní kíkan díẹ̀ ló fẹ́, eérú sì máa ń pa kíkan náà, nítorí náà ẹ má da eérú ìdáná sí ìdí rẹ̀ rárá.

Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé gbígbìn ni iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ gan-an ló ń pa ọ̀gbìn. Láti oṣù kọkànlá, mo máa ń tẹ́ koríko gbígbẹ yí ìdí wọn ká, kò gbọdọ̀ kan igi, torí ikán. Garawa omi kan fún igi kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mu ún. Ẹ sì fi ẹ̀gún ṣọgbà yí i ká, ewúrẹ́ àdúgbò wa ò mọ ojú onílé.

Àgbáyun mi ti pé ọdún mẹ́ta, kò tíì ga ju orókún lọ, kò sì tíì so. Àwọn ọmọ ọmọ mi ti gbé ọsàn wẹ́wẹ́ sílẹ̀ dè é.